Korobá Tó Ń Lọ Láti Ilé dé Ilé

Mo ti kọ ìròyìn èké rí, èmi fúnra mi ni mo sì tẹ̀ ẹ́ lórí táípù. Kì í ṣe pé mo fẹ́ purọ́ o. Gbogbo ohun tí mo kọ síbẹ̀ ni àwọn ènìyàn fi ẹnu ara wọn sọ fún mi, fọ́ọ̀mù tí mo kọ ọ́ sí sì wà lọ́wọ́ mi. Síbẹ̀ irọ́ ni, díẹ̀ ló sì kù kí irọ́ náà gba nọ́ọ̀sì agbẹ̀bí kan lọ́wọ́ abúlé tí kò ní òmíràn.

Nígbà yẹn, ní nǹkan bí ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, Èkìtì àti Oǹdó ṣì jẹ́ ìpínlẹ̀ kan ṣoṣo, kò sì sí ibi tí wọn kò lè gbé òṣìṣẹ́ ìjọba lọ. Èmi ọmọ Èkìtì ni wọ́n gbé lọ sí Òkìtìpupa, sí ẹ̀ka ìdàgbàsókè ìlú ní ìjọba ìbílẹ̀. Mo sunkún lọ́jọ́ tí mo gba ìwé náà, torí ohun tí wọ́n ti sọ fún mi ni pé inú omi ni gbogbo apá ibẹ̀. Nígbà tí mo dé, ilẹ̀ ni mo bá, pẹ̀lú ọ̀pẹ lọ́tùn-ún lósì, àti àwọn ènìyàn tó máa ń bi ọ́ bóyá o ti jẹun kí wọ́n tó bi ọ́ léèrè orúkọ.

Mo ń kàwé mọ́ iṣẹ́. Ẹ̀kọ́ nípa ìṣàkóso ìjọba ni mo ń kọ́, òpin ọ̀sẹ̀ ni mo sì fi ń lọ sí yunifásítì. Nígbà tó kan ìwádìí tí mo máa fi kádìí rẹ̀, olùkọ́ mi ní kí n lọ wo bí ìjọba àti aráàlú ṣe ń pawọ́ pọ̀ bójú tó ohun kan: ta ló ń pinnu, ta ló ń ṣe é, ta ló ń tún un ṣe bó bá bàjẹ́. Mo mú ilé ìgbẹ̀bí kékeré kan ní abúlé kan lápá Igbotako. Ọ̀gá mi ní ọ́fíìsì, bàbá kan tó ti ń sún mọ́ ìfẹ̀yìntì, yọ̀ǹda gbogbo Ọjọ́rú fún mi. Ó ní ohun kan péré lòun fẹ́, kí n fi ẹ̀dà kan ìròyìn náà sínú fáìlì òun. Inú mi dùn gan-an. Ta ni kò ní dùn mọ́, kí ọ̀gá ẹni sọ pé òun fẹ́ ka ohun tí èèyàn kọ?

Ilé ìgbẹ̀bí náà kò ju yàrá méjì lọ, páànù lórí, ẹfun lára ògiri. Nọ́ọ̀sì kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀, obìnrin Ọ̀wọ̀ tó dúdú, tó sì máa ń rẹ́rìn-ín bíi pé ẹnì kan ń fi ìyẹ́ rìn ín. Kí wọ́n tó gbé e wá, ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ tàbí ọ̀kadà ni wọ́n máa ń gbé aboyún tó ń rọbí sí, tí wọ́n á máa gbé e bọ̀ ní Òkìtìpupa, lójú ọ̀nà tó jẹ́ pé bí òjò bá ti rọ̀, ẹni tí kò lóyún pàápàá á sọ̀ kalẹ̀, á fẹsẹ̀ rìn.

Ìyá àgbà kan ló gbà mí lálejò lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Òun ni olórí àwọn obìnrin abúlé. Iye ni gbogbo wọn ń pè é, torí bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń pe ìyá níbẹ̀, èmi náà sì ń pè é bẹ́ẹ̀. Mo fi ìwé mi hàn án, mo ṣàlàyé fún un pé mo gbọ́dọ̀ fúnra mi yan ilé tí mo máa wọ̀, kí n má bàa lọ bá ẹni tí wọ́n ti kọ́ lóhùn. Ó gbọ́ mi jálẹ̀. Lẹ́yìn náà ó nawọ́ sí ilé kan.

"Ibẹ̀ lo máa jókòó sí lónìí, ọma mi."

"Iye, ìwé mi ní kí n yàn án fúnra mi ni."

"Ìwé rẹ kò mọ ilé tó ti se oúnjẹ."

Mo gbé e gbóná díẹ̀, mo ní mi ò wá jẹun. Ó ti yíjú padà, ó ń lọ. Bí a ṣe ń ṣe é lọ nìyẹn, Ọjọ́rú dé Ọjọ́rú, ilé tuntun ni wọ́n á tún júwe fún mi. Màá jókòó sí ẹnu ọ̀nà, àwọn tí mo fẹ́ bi ní ìbéèrè á wá bá mi níbẹ̀, nígbà tó bá sì di ọ̀sán, onílé á gbé púpurú kalẹ̀ pẹ̀lú marúgbó, ọbẹ̀ ewé tó dúdú bí ìdí ìkòkò. Lọ́jọ́ kìíní, mo wo ọbẹ̀ yẹn, ẹ̀rù bà mí. Nígbà tó fi máa di ọ̀sẹ̀ kẹta, ọbẹ̀ yẹn ni mo máa ń rò láti òwúrọ̀. Púpurú náà, ẹ̀gẹ́ tí wọ́n fi èéfín gbẹ kí wọ́n tó rò ó, ní òórùn kan tí kì í kúrò lọ́wọ́ bọ̀rọ̀, mo sì máa ń gbé òórùn náà wọlé lórí ọ̀kadà.

Ní gbogbo ilé tí mo dé ni mo ti ń rí korobá búlúù kan lẹ́nu ọ̀nà, ọlọ́mọrí, tí wọ́n so àjákù aṣọ funfun mọ́ ọwọ́ rẹ̀. Ará ìjọ aládùúrà ló pọ̀ jù ní abúlé náà, mo sì rí i pé ara sùtánà tó ti gbó ni wọ́n ti ya aṣọ náà. Mo rò ó nínú ara mi, mo ní ìjọ wọn ló ní kí olúkúlùkù máa so ó mọ́ korobá rẹ̀. Mo wá kọ ọ́ sínú ìwé mi pé kò sí ilé tí kò ní korobá tó dáa, àti pé èyí fi hàn pé ó rọ àwọn ènìyàn náà lọ́rùn díẹ̀. Èmi ọ̀mọ̀wé! Títí di òní, tí mo bá rántí gbólóhùn yẹn, ara mi máa ń bù máṣọ.

Ìdáhùn tí wọ́n ń fún mi kò yàtọ̀ síra wọn. Ta ló ń pọn omi sí ilé ìgbẹ̀bí? Ìjọba ni. Ta ló ń ro àyíká rẹ̀? Ìjọba ni. Nígbà tí ìjì gbé páànù lọ, ta ló kàn án padà? Ìjọba náà ni. Kí ni ẹ̀yin wá ń ṣe níbẹ̀? A ń bí ọmọ. Ọkùnrin tó dáhùn èyí rẹ́rìn-ín, gbogbo àwọn tó wà níbẹ̀ rẹ́rìn-ín, mo sì kọ ọ́ sílẹ̀ bó ṣe sọ ọ́.

Ohun tó burú níbẹ̀ ni pé èmi gan-an ni ìjọba tí wọ́n ń sọ. Ọ́fíìsì wa kò rán káfíńtà kankan lọ síbẹ̀, mo mọ̀ bẹ́ẹ̀ dájú. Àmọ́ mo sọ fún ara mi pé ẹ̀ka ìlera ló ní láti rán an. Yàrá ẹ̀ka ìlera kò jìnnà sí tiwa. Mo lè dìde kí n lọ bi wọ́n. Mi ò lọ.

Bí mo ṣe kọ ìròyìn nìyẹn. Mo ní àwọn ará abúlé náà fi ohun gbogbo sílẹ̀ fún ìjọba, wọ́n ká ọwọ́ gbera. Olùkọ́ mi ní ó mọ́lẹ̀ kedere, ó ní ká máa múra láti gbé e síwájú ìgbìmọ̀. Ọ̀gá mi gba ẹ̀dà tirẹ̀, ó fi sínú fáìlì, ara mi sì balẹ̀.

Oṣù díẹ̀ lẹ́yìn náà ni nọ́ọ̀sì yẹn wọ ọ́fíìsì mi láìkan ilẹ̀kùn. Kò rẹ́rìn-ín rárá lọ́jọ́ náà. Ó ju ìwé kan sórí tábìlì mi. Ìwé tiransifáà ni. Wọ́n ń gbé e lọ sí abúlé kan lọ́nà Ìrẹ̀lẹ̀, níbi tí àwọn ará ibẹ̀ ti kọ́ ilé ìgbẹ̀bí tiwọn, tí wọ́n ń bẹ̀bẹ̀ fún nọ́ọ̀sì. Ọ̀gá mi, tó gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i kí wọ́n tó gbé òṣìṣẹ́ abúlé lọ, ti kọ ọ́ síbẹ̀ pé kò tọ́ kí á fi òṣìṣẹ́ sílẹ̀ fún àwọn tí kì í ran ara wọn lọ́wọ́ nígbà tí àwọn tó ń gbìyànjú kò ní. Ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀ ló gbọ́dọ̀ kó ẹrù rẹ̀.

"Àǹtí, kí ni mo ṣe fún yín?"

"Nọ́ọ̀sì, ẹ jókòó ná. Ohun tí wọ́n sọ fún mi ni mo kọ."

"Ohun tí wọ́n sọ fún yín! Oúnjẹ tí ẹ ń jẹ níbẹ̀, ta lẹ rò pé ó ń sè é?"

"Onílé tí mo bá lọ sọ́dọ̀ rẹ̀ ni."

Ó wò mí sùn-ùn. Ó wá rọra béèrè bóyá mo rí korobá búlúù kan níbẹ̀. Mo ní èwo nínú wọn.

"Èwo bí ti báwo? Ẹyọ kan ni."

Ó ṣàlàyé rẹ̀ fún mi bí ẹni ń ṣàlàyé fún ọmọ iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ilé tí korobá náà bá sùn, ilé yẹn ló máa pọn omi sí ilé ìgbẹ̀bí láàárọ̀, ló máa gbálẹ̀ ibẹ̀, ló máa se oúnjẹ nọ́ọ̀sì lọ́jọ́ náà. Tó bá di ìrọ̀lẹ́, wọ́n á gbé korobá lọ sílé kejì. Kò sí ẹni tó ń kọ orúkọ, kò sí ẹni tó ń ké mọ́ ẹnikẹ́ni. Bí àlejò ìjọba bá sì dé, ilé tí korobá wà ló máa gbà á, torí ibẹ̀ ni oúnjẹ wà. Àwọn ọkùnrin ìjọ ló kan páànù. Àwọn ọ̀dọ́ ló ń ro àyíká lọ́jọ́ Àbámẹ́ta. Ọdún tí òun fi wà níbẹ̀, òun kò ra gààrì rí.

"Ẹ̀yin náà, lára korobá yẹn lẹ ti ń jẹun láti ọjọ́ yìí," ló wí.

Ojú tì mí débi pé mi ò lè wò ó lójú. Mo jókòó sí ilé wọn, mo jẹ oúnjẹ tí wọ́n pín yípo láti fi gbé ilé ìgbẹ̀bí ró, mo nu ọwọ́, mo sì kọ ọ́ pé wọn kì í ṣe nǹkan kan. Mo bi í ìdí tí kò fi sọ fún mi. Ó ní wọ́n bẹ òun ni kí òun má sọ, àti pé òun kò mọ̀ pé báyìí ló máa rí.

Lọ́jọ́ kejì, tó jẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, mo gun ọ̀kadà lọ sí abúlé. Mo sọ fún baálẹ̀ pé mo fẹ́ bá gbogbo wọn sọ̀rọ̀, wọ́n sì pé jọ sí iwájú ṣọ́ọ̀ṣì. Inú ń bí mi, mi ò purọ́. Mo ní kí ló dé tí wọ́n fi sọ mí di òpùrọ́. Mo ní irọ́ tí wọ́n pa fún mi ló ń gbé nọ́ọ̀sì wọn lọ yìí. Bí mo ṣe sọ ìyẹn, obìnrin kan tó lóyún jókòó sílẹ̀ gbà-á, mo sì rí i pé wọn ò tíì gbọ́ nípa tiransifáà náà. Nọ́ọ̀sì kò tíì lè sọ fún wọn. Ìbínú mi bá rọ̀ pẹ̀sẹ̀.

Baálẹ̀ ló sọ̀rọ̀. Kò pariwo. Ó ní abúlé kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn tó ní nọ́ọ̀sì tẹ́lẹ̀. Ẹnì kan wá láti ìjọba, ó gbé ìwé dání bíi tèmi, ó ń bi wọ́n ní ìbéèrè. Àwọn yẹn fi yangàn, wọ́n ní àwọn ló ń ṣe gbogbo rẹ̀, àwọn ló ń ṣe èyí, àwọn ló ń ṣe tọ̀hún. Kò pẹ́ tí wọ́n gbé nọ́ọ̀sì wọn kúrò. Wọ́n ní àwọn tó lè tọ́jú ara wọn kò nílò ìjọba. Látìgbà náà ni àwọn ti fẹnu kò ní iwájú ṣọ́ọ̀ṣì yìí pé ẹnikẹ́ni tó bá gbé ìwé wá, ìdáhùn kan náà ni kó gbà lẹ́nu ọmọdé àti àgbà.

"Nítorí kí wọ́n má bàa gbé e lọ la ṣe sọ bẹ́ẹ̀," ló wí.

Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n lọ sọ òótọ́ fún ọ̀gá mi. Ni ariwo bá sọ. Èdè Ìkálẹ̀ ni wọ́n fi ń bá ara wọn jà, ó sì ń yára ju ohun tí etí mi lè gbà, àmọ́ mo gbọ́ pé àwọn kan ní bí òótọ́ bá dé ọ̀dọ̀ ìjọba, òótọ́ náà ni wọ́n á tún fi gbé e lọ. Baálẹ̀ ní kí n máa lọ ná, àwọn á ránṣẹ́ sí mi. Mo gbé ẹsẹ̀ wúwo lọ sídìí ọ̀kadà. Kò sí ẹni tó bi mí bóyá mo ti jẹun.

Mo sọ fún ọ̀gá mi náà lẹ́yìn tí mo dé, torí mi ò lè fara dà á. Ó bọ́ jígí ojú rẹ̀. "Níjelòó, o kọ ọ́ pé wọn kì í ṣe nǹkan kan. Lónìí, o ní àwọn ló ń ṣe gbogbo rẹ̀. Èwo ni kí n gbà gbọ́ nínú méjèèjì?" Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka ọjọ́. Ọjọ́rú kọjá, kò sẹ́ni tó wá.

Ọjọ́bọ̀, kò tíì ju aago mẹ́jọ lọ, mo gbọ́ ariwo ọ̀kadà níwájú sẹkitéríàtì. Mo yọjú. Iye ló ń sọ̀ kalẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, gèlè rẹ̀ ti yí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, eruku ti bo ojú rẹ̀. Korobá búlúù náà ló gbé mọ́yà, bí ẹni gbé ọmọ bọ̀ láti ọsibítù. Mo sáré lọ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Kò fún mi.

"Níbo ni ọ̀gá rẹ wà?"

Mo mú un wọlé. Ó kúnlẹ̀ díẹ̀ kí ọ̀gá mi, ọ̀gá mi náà sáré dìde, ó ní kí ìyá má kúnlẹ̀ fún òun. Iye gbé korobá lé orí tábìlì, sórí àwọn fáìlì.

"Ìyá, kí nìyí?"

"Òun ló ń pọn omi fún nọ́ọ̀sì. Ilé tó bá wà, ilé yẹn ló ń ṣe é. Ọ̀dọ̀ mi ló wà lónìí. Mo ní kí n gbé e wá kí ẹ fojú yín rí i, kí n sì tètè máa padà. Wọn ò tíì pọn omi níbẹ̀ láàárọ̀ yìí."

Ọ̀gá mi fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó gbé e mì. Ó bi í ìdí tí wọ́n fi purọ́ fún mi. Iye wo ilẹ̀. Ó ní òun bí obìnrin kan ṣoṣo. Ìgbà tí ó ń rọbí oyún àkọ́kọ́, wọ́n gbé e sẹ́yìn kẹ̀kẹ́, wọ́n dé ibi afárá, omi ti bo ojú ọ̀nà. Ibẹ̀ ló kú sí, òun ló sì di orí rẹ̀ mú. Kò tíì sí nọ́ọ̀sì nígbà náà. Ó ní láti ọjọ́ tí nọ́ọ̀sì yìí ti dé, kò sí aboyún tí wọ́n tún gbé gba ibi afárá yẹn kọjá.

"Wọ́n ń bá ara wọn jà nílé títí di àná. Mo ní kí wọ́n máa jà lọ. Mo ti darúgbó, ẹ̀rù irọ́ àti ẹ̀rù òótọ́ ti sú mi. Bí ẹ bá máa gbé e lọ, kí ẹ mọ ohun tí ẹ ń gbé lọ."

Kò sunkún. Èmi ni mo ń sunkún, lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ́bọ́ọ̀dù, bí aláìlójútì. Ọ̀gá mi rọra jókòó padà. Ó ní ẹ̀rù tó ń bà wọ́n kì í ṣe ẹ̀rù lásán, torí òun mọ irú àwọn tó wà lókè. Ó wá yíjú sí mi. Ó ní kí n lọ kọ òmíràn. Kí n kọ ohun tí àwọn ará abúlé ń ṣe, kí n kọ ohun tí ìjọba ń ṣe, kí n sì kọ ọ́ kedere pé bí ọ̀kan bá yọwọ́, èkejì kò lè dá a gbé. Ó fa ẹ̀dà ìwé tiransifáà yọ nínú fáìlì, ó fi bíírò fa ìlà sí i lórí, ó fọwọ́ sí i. Ó ní òun á wá ẹlòmíràn fún àwọn ará ọ̀nà Ìrẹ̀lẹ̀, bó bá gba kí òun fúnra rẹ̀ lọ jókòó sí ẹ̀ka ìlera. Mo gbọ́ lẹ́yìn náà pé ó lọ jókòó síbẹ̀ lóòótọ́, wọ́n sì rí ẹnì kan fún wọn.

Ní tèmi, mo lọ bá olùkọ́ mi, mo ní kó má tíì gbé ìwé mi síwájú ẹnikẹ́ni. Ó bínú díẹ̀. Ọdún kan gbáko ni mo tún lò lórí ìwádìí náà, àwọn tí a jọ bẹ̀rẹ̀ ti gba ìwé ẹ̀rí wọn kí n tó parí. Kò dùn mí tó bí mo ṣe rò.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta ọ̀sẹ̀ yẹn, mo mú ìwé tuntun tí wọ́n fi fagi lé tiransifáà náà lọ sí abúlé ní òwúrọ̀ kùtù. Nọ́ọ̀sì ló kà á sókè fún wọn níwájú ilé ìgbẹ̀bí. Kó tó kà á tán, àwọn obìnrin ti gbé e sókè, ó ń pariwo pé kí wọ́n sọ òun kalẹ̀, ó sì ń rẹ́rìn-ín ẹ̀rín rẹ̀ àtijọ́ yẹn. Mo dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ká má tan ara wa, mo ń retí kí ẹnì kan dúpẹ́ lọ́wọ́ mi.

Iye ló wá bá mi. Kò dúpẹ́. Ó gbé korobá búlúù kalẹ̀ síwájú ẹsẹ̀ mi, bàtà gogoro tí mo fi ń lọ sí ọ́fíìsì ló sì wà lẹ́sẹ̀ mi.

"Iye, kí ni mo máa fi ṣe?"

"Ilé mẹ́rìnlá lo ti jẹun ní abúlé yìí, ọma mi. Tìẹ ló kàn."

Mo bọ́ bàtà, mo gbé korobá, mo sì bi wọ́n ní ọ̀nà odò.